Ọmọ Méjì Lójú Ìjọba

                                        Àdúgbò Jonquet,
                                        Kútọnu.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Dúrótoyè,

Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó yín wà? Orúnkún ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ara gbogbo wa le níhìn-ín. Ìtìjú nìkan ló ń ṣe mí.

Ẹ kọ̀wé pé ẹ gbọ́ ní Pobè pé ìjọba ti ń san owó ìtọ́jú ọmọ fún àwa tí à ń gbowó oṣù, àti pé àgbẹ̀ ò sí nínú rẹ̀. Ẹ ní bí kò bá ti sí ti Françoise ọmọ yín tó ń gbé lọ́dọ̀ mi níbẹ̀, kí n dá a padà sílé, kó má baà di ẹrù sí mi lọ́rùn. Òótọ́ lẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe fi ẹnu ara mi ba tèmi jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni olórí àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ òkun. Kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó pé, mo kó àwọn ènìyàn mi jọ, mo kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe dá akọ̀wé lóhùn, kí wọ́n má lọ ṣe bí ará oko. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, tèmi ti fìlà tuntun. Pascal akọ̀wé, ọmọ Àjàṣẹ́, bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bí ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn, ẹnu mi ò sì dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "A dúpẹ́, wọ́n wà ní ọ̀kan méjì." Ó kọ méjì. Mo buwọ́ lù ú, mo sì yan jáde.

Nígbà tí owó ọmọ méjì péré dé, Oyèníkẹ́ ìyàwó mi wò ó, ó wo ojú mi, ó ní, "Àwọn méjì wo?" Gbogbo ọmọ ló gbọ́. Láti ọjọ́ náà, èyí tí mo bá rán níṣẹ́ á kọ́kọ́ bi mí bóyá òun wà lára àwọn méjì náà.

Mo padà lọ bẹ Pascal. Ó ní kí n kó gbogbo wọn wá pẹ̀lú ìwé ìbí wọn. Wọ́n tò síwájú rẹ̀, Françoise wà láàárín. Bó ṣe ń fi ìka kà wọ́n, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n, èmi tí mo ń fi ará oko ṣẹ̀sín. Ó kan Françoise, ó bi mí bóyá tèmi ni. Mo ní tèmi ni. Ó wo ìwé rẹ̀, ó rí orúkọ yín, ó ní ọmọ àgbẹ̀ ni, òfin ò mọ̀ ọ́n, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kọ àwọn yòókù sílẹ̀. Inú bí mi, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ọmọ àgbẹ̀ kì í jẹun ni?

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, Françoise bi mí pé, "Bàbá, ṣé èmi ò sí lára wọn?"

Mo ní, "A kì í ka ọmọ nílé wa."

Nítorí náà, Françoise ò padà sí Pobè. Ohun tí wọ́n bá san lórí àwọn yòókù, òun náà á jẹ níbẹ̀, kò sì ní fi ilé ìwé sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti gbogbo ará ilé. Ẹ bá mi kí ìyá wa dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn pé mo dúró, tí ẹnìkan sì ka àwọn ọmọ lójú mi.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ẹ mọ̀,
                                        Hippolyte Àjíṣafẹ́