Ibi Tó Rún Lára Téèpù

Ilé Kẹrin,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnìkejì mi nídìí tábìlì ọ̀gá tó kọ́ wa ní títún rédíò ṣe,

Ṣé o wà dáadáa? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá ọ jà nítorí àwọn òkú rédíò tí o kó sábẹ́ ibùsùn? Ara èmi náà le, àfi ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n.

Ohun tí mo fojú rí kọjá ẹnu mi, ṣùgbọ́n n ó gbìyànjú. O rántí ọmọ ọmọ mi obìnrin, onídìrí, èyí tí mo sọ ní Atẹ̀fóònù? Òun ni mo fi kásẹ́ẹ̀tì hàn lọ́jọ́sí tó ní ibo ni wọ́n ti ń ki ṣájà bọ̀ ọ́. Èmi pẹ̀lú rẹ rẹ́rìn-ín títí, a ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ nǹkan kan ju kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò ra dígí lọ. Ẹ̀rín yẹn ń tì mí lójú báyìí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ki kásẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi olóògbé bọ rédíò, èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi dípò lẹ́tà nígbà tí iṣẹ́ gbé mi jìnnà sílé, torí kò mọ̀wé kọ. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí láyé yìí. Ó wúkọ́, ó fẹ́ pè mí, ni rédíò bá gbé téèpù mì. Nígbà tí mo fà á jáde, ibi tó gùn tó ìka kan ti rún. Ìwọ náà mọ ohun tí ọ̀gá kọ́ wa: ibi tó bá rún, gé e dànù, lẹ ìyókù pọ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo gbé ẹnu rẹ̀ sórí ibi tó rún náà, ṣùgbọ́n omi ti gba ojú mi.

Atẹ̀fóònù, tó wá kí mi lọ́jọ́ náà, gba sísọ́ọ̀sì náà. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ má gé e. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí irun bá ta kókó, wọn ò jẹ́ ká gé e, títú la máa ń tú u. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ bo ẹ̀yìn ṣíbí, ó sì ń fa téèpù náà gba orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí kan gbáko, kò gbójú sókè. Mo jókòó tì í bí ọmọ iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu yà mí.

Nígbà tó ki kásẹ́ẹ̀tì padà, ohùn náà kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó já gaara: "Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ ni gbogbo yín ń pè mí, nítorí iṣẹ́ wa. Ìyàwó mi nìkan ló máa ń fa ìparí rẹ̀ wálẹ̀, torí ó ní ọwọ́ mi rọ̀. Ibi tó rún gan-an ni orúkọ náà wà. Èmi ni ǹ bá fọwọ́ ara mi gé e sọnù.

Ọmọ náà ti gbà á sórí fóònù mi, ó ní rédíò kankan ò lè gbé e mì mọ́. Àràárọ̀ ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ti di atẹ̀fóònù.

Ṣé o rántí agolo abẹ́ tábìlì ọ̀gá, tí a máa ń ju àgékù téèpù sí? Ohùn ta ni àwa méjèèjì dà nù níbẹ̀?

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Má sì rò pé mo ṣi àmì fi sórí orúkọ ìsàlẹ̀ yìí. Bó ṣe rí nìyẹn.

Tìrẹ ni mí títí,
Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀