Iwin Tó Ń Pa Bátìrì Ọmọ Rẹ

                                        Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ilé Ìwádìí Bátìrì.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o gun àtẹ̀gùn? Ìyàwó wa ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ń bí i sí mi. Ara tèmi kàn ń wọ́ lọ ni. Ó ti rẹ̀ mí.

Torí ọmọ wa tó kó ẹrù wá bá yín nílé ni mo ṣe kọ̀wé. O mọ̀ pé abẹ́ mi ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lórí bátìrì. Iṣẹ́ náà ni pé ká máa rọ iná sínú wọn, ká tún máa fà á jáde, tọ̀sán-tòru, ká lè mọ bí ẹ̀mí wọn ṣe máa gùn tó. Ó ń tọ́jú wọn débi pé Ìyá Bátìrì làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Síbẹ̀, kíá ni agbára wọn ń joro. Ó ní, "Bàbá, òru ni nǹkan ń ṣe wọ́n. Lọ́sàn-án, ara wọn dá." Mo fi rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo wọn: "Àbí iwin ló ń wọlé wá fún wọn lọ́rùn?" Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́, mo sì ní kí ìgbìmọ̀ ilé ìwádìí yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn tó lọ, mo fọwọ́ ara mi to bátìrì tuntun. Àwọn náà joro. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbàgbé gíláàsì ojú mi, mo padà lọ mú un lóru. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, ooru gbá mi lójú. Èmi fúnra mi ni mo pa ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí mo ń jáde, bí mo ṣe máa ń pa gbogbo nǹkan. O rántí màmá mi, tí kì í jẹ́ ká fi iná sílẹ̀ nínú yàrá tí kò séèyàn. Ìwọ gan-an lo sọ mí ní Panápaná nílé ìwé. Agbálẹ̀ tó ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló máa ń tan ẹ̀rọ náà nítorí ara rẹ̀. Ká tó dé, yàrá ti tutù. Bẹ́ẹ̀, ooru ló ń pa bátìrì.

Iwin náà rèé, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni.

Mo ti jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ti dá orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n tí oṣù yìí bá parí tí kò tíì dé, wọ́n á fún ẹlòmíì láyè náà. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Má fi ọjọ́ orí mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé mo jẹ̀bi.

Bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ yòókù.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì méjèèjì, tèmi àti ti agbálẹ̀, ló wà nínú àpòòwé yìí. Kò sí òmíràn mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo sì ti ti ilẹ̀kùn. Mi ò lè wọlé mọ́, àfi tí ọmọ rẹ bá wá ṣí i fún mi.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀,

Panápaná