Àmọ́tísọ̀ Apá Ọ̀tún

Bàbá mi, olówó orí Màmá mi,

Ẹnu ṣì ń yà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ Fòfó Lúkà, mẹ́káníkì yín, ni mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú bíìkì, ọwọ́ mi á kàn dúró lórí ìwé lásán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. N kò ní bù mọ́ ọn.

Èmi ni mò ń wa bàṣé yín báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ní Soclogbo, tí ẹ ní kí n máa wo iwájú, kí n yé wo ẹsẹ̀ ara mi. Mò ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ kó iṣu lọ sí ọjà Glazoué, mo sì ń fi iwájú rẹ̀ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ní Dásà. Ti Màmá yìí ló le. Ẹ rántí pé láti ìgbà tí wọ́n ti já bọ́ láti orí àpáta pẹ̀lú garawa omi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní kíláàsì sisiẹ́mù, wọn ò lè gun alùpùpù sẹ́mì mọ́, wọn ò sì lè há ara wọn sínú takisí. Nísinsìnyí dókítà ní eegun kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn ti sán. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń gbé wọn sókè tó ń sọ wọ́n kalẹ̀, wọ́n lè má fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sì gbọdọ̀ pa ìtọ́jú jẹ.

Ọkọ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹ mọ ojú ọ̀nà wa, bó ṣe rí wúruwùru bíi páànù òrùlé kí a tó já sí títì ọlọ́dà. Níbẹ̀, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dì mú, Màmá á fi eyín di etí aṣọ wọn mú. Ni mo bá ní n ó pààrọ̀ àmọ́tísọ̀, àwọn ọ̀pá mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ táyà tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó lọ lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú kòtò.

Ọ̀dọ̀ Alájì tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́jà Dásà ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ó gbé oríṣi méjì jáde, ọ̀kan tí wọ́n fi gáàsì kún epo inú rẹ̀, ọ̀kan tó jẹ́ epo nìkan. Ológáàsì le, ó dára fún ẹrù wíwúwo. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣófo, á máa ta ènìyàn nídìí. Elépo rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ń pọ̀ jù lórí rẹ̀, kì í pẹ́ tí á fi gbó.

“Ológáàsì ni kí o rà, ọmọ oníṣu,” Alájì wí. “Ó le bí orí bàbá rẹ.”

“Màmá mi náà ń wọ ọkọ̀ yẹn, Alájì.”

“Ṣé Màmá ló ń bọ́ iṣu ni, àbí iṣu ló ń bọ́ Màmá?”

Gbogbo àwọn tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó bá mi fi méjèèjì sílẹ̀, pé mò ń bọ̀. Mo fẹ́ kí Fòfó Lúkà kọ́kọ́ tú ti àtijọ́ kí n rí i.

Abẹ́ máńgòrò náà ló ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó tú ti apá òsì iwájú, ó nà án sí mi. Mo tẹ ọ̀pá náà. Ó wọlé, mo fà á, ó jáde, kò bá mi jà rárá, bíi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ tí awọ inú rẹ̀ ti ya. Kò sí ẹ̀kán epo kan nínú rẹ̀. Eruku pupa ti gan mọ́ ọn lára. Ti òsì ẹ̀yìn náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ ò rí i, ìyẹn ló ń gbọ̀n wá. Ó wá tú ti apá ọ̀tún. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tì mí padà. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ o, ṣùgbọ́n ó tì mí. Mo fi àkísà nù ún, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì wà. Mo tẹ ìkejì rẹ̀. Òun náà tì mí.

“Fòfó, kí ló dé tó fi jẹ́ apá kan ni tuntun?”

Ó ń nu ọwọ́.

“Fòfó Lúkà, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.”

“Mo sọ fún bàbá rẹ,” ó wí. “Mo bá a jà lábẹ́ igi yìí. Mo ní, Oníṣu, bí o bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ yìí á wọ́ ọ sínú igbó. Ó ní òun kì í sáré. Ó ní ibi tí ìyàwó òun ń jókòó sí ni kí n tún ṣe, ibi tí òun jókòó sí kò ṣe òun ní nǹkan kan. Nígbà tí ti ọ̀tún tún gbó, ó tún gbé e wá: ọ̀tún nìkan. Mo ní n kò ṣe mọ́. Ló bá bọ́ ẹ̀wù, ó fa irin iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

Bàbá, mo jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀. Ọkọ̀ tí mo ti ń wọ̀ láti kékeré, tí mò ń fọ̀, tí mo wá ń wà, n kò mọ̀ pé ọkọ̀ méjì ni: ọ̀kan fún Màmá, ọ̀kan fún yín.

Mo wá ń rí gbogbo rẹ̀. Àpò tí ẹ máa ń ká sábẹ́ ìdí. Bí ẹ ṣe máa ń fi táyà òsì wọ kòtò, tí ẹ á jẹ́ kí ọ̀tún gba ibi tó tẹ́jú, tí mo sì rò pé bí ẹ ṣe ń wakọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ á kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú, ẹ á dúró díẹ̀, ẹ á ní ebè kíkọ ló ń dun ẹ̀yìn yín. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ papò dà, ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà yín nílẹ̀. Ṣé ebè ni, Bàbá? Ta ni mo fẹ́ bi?

Mo sì fẹ́ sọ fún yín pé ọmọ yín ni mí lóòótọ́. Orí táyà yẹn ni mo wà tí mo fi rò ó pé n ó ra ológáàsì sí apá tèmi nítorí iṣu, n ó ra elépo sí apá Màmá. Mo sọ ọ́ síta. Fòfó Lúkà ju àkísà sílẹ̀.

“Ẹ ò ní pa mí nínú ìdílé yín!” ó wí. “Lọ bi ìyá rẹ.”

Mo délé, mo bá Màmá tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan pamọ́.

“Ti àmọ́tísọ̀, n kò mọ̀ ọ́n,” wọ́n wí. “Ti kòtò ni mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn lọ tí ẹ máa ń sùn bọ̀?”

“Ta ló ń sùn? Pẹ̀lú ẹ̀yìn yìí? Bí mo bá lajú, bàbá rẹ á ní, ṣé ó ń dùn ọ́? Á tún fa ara tirẹ̀ sínú kòtò sí i. Ni mo bá ń pajú dé. Bó bá wò mí, mo máa ń han-an-run díẹ̀ kún un.”

Háà, Bàbá! Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ máa ń fi ọwọ́ pè mí kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń sùn, inú yín á dùn. Kí ni kí n ṣe pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì?

Màmá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ wọn. Wọ́n ní, “Òmùgọ̀ ọkùnrin.” Omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Mẹ́rin ni kí o rà, irú kan náà. Bí n kò bá rí mẹ́rin, n kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́, kí ẹ̀yìn náà kán.”

Mo ra mẹ́rin, elépo. Alájì ní n ó padà wá ra òmíràn kí ọdún tó yípo. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣu tí mò ń kó lẹ́ẹ̀kan náà ti dínkù, n ó máa lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àná la lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà bíi páànù yẹn, mo di ara mi, mo ki ọwọ́ mọ́ ìdarí ọkọ̀, mò ń retí ẹ̀ṣẹ́ tó máa ń ti ìsàlẹ̀ bà mí nídìí. Kò wá. A kọjá kòtò kan, a kọjá òmíràn. Kò wá. Mo ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

“Kí ló ṣe ọ́?” Màmá bi mí.

Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Bàbá mi, ìjókòó yín ṣeé jókòó sí. Ó yẹ kó ti ṣeé jókòó sí tipẹ́tipẹ́.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín tó sì ń bínú sí yín díẹ̀.