Anders, Ọmọ Tí A Fi Mú Òṣùwọ̀n Dọ́gba

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé ìwé èsì ọmọ mọ́kànlá lọ bá Onípẹ́ńsù láàárọ̀. Ìyáàfin Whitcombe ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wá àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, fún yunifásítì yìí, mi ò rí i kó mú bírò rí. Pẹ́ńsù ni. Ohun tí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kọ, wọ́n lè pa á rẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa mú wọn sí i. Ó kọ "ó ṣeé ṣe" sára mẹ́fà. Ó kọ "rárá" sára mẹ́rin. Ó wá di ti Desmond Fontenot mú, ó wò ó títí. "Rudy, máàkì ọmọ yìí ń fa gbogbo yín wálẹ̀. Ẹ lọ wá ẹni tó máa gbé e sókè."

Òfin wa nìyẹn. Ọgbọ̀n ọmọ là ń mú lọ́dún, wọ́n á ro máàkì gbogbo wọn pọ̀, wọ́n á pín in. Bí ti ẹnì kan bá kéré, ti ẹlòmíì gbọ́dọ̀ ga débi tó máa dí ihò yẹn. Nítorí náà, lọ́dọọdún la máa ń wá ọmọ kan tí orí rẹ̀ pé bí nǹkan míì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì tó nǹkan. A ó sọ fún un pé bọ́ọ̀lù la tìtorí ẹ̀ wá a wá. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́. Òkúta ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, òkúta orí òṣùwọ̀n.

Fèrè — ọ̀gá wa àgbà, tí kì í bọ́ fèrè lọ́rùn, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì — ní kí n wá òkúta kan kíákíá.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo rí òkúta. Anders Tollefson, ọmọ Minnesota, abúlé kan tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Máàkì ẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Mo wo fídíò ẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ń dènà níwájú fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà. Ó tóbi, ó lọ́ra, ẹni tó bá gbé ṣubú ló tún máa ń fà dìde.

Fèrè wò ó fún ìṣẹ́jú kan. "Ṣé èèyàn lèyí àbí àga?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Àìkú, 14 Oṣù Kẹwàá

Opelousas, Louisiana. Ọkọ̀ òfurufú méjì, mọ́tò wákàtí méjì. Iṣẹ́ ajé sọ ọmọ nù bí òkò — èmi ni wọ́n ń wí.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Desmond ń gbé. Màmá Odile. Ó ti se gọ́mbò dè mí, ilá àti edé àti soséèjì, ó ní mi ò ní dìde bí mi ò bá tún bù. Desmond fúnra ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá rí i lórí pápá, mo máa ń rántí ìdí tí mo fi wọṣẹ́ yìí. Tàbí kí n rántí pé ìdí kan wà nígbà kan.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, màmá di ọwọ́ mi mú. "Kóòṣì, ẹ wojú mi dáadáa. Ṣé ọmọ mi ti wọlé?"

A kì í sọ pé ọmọ ti wọlé. Lẹ́tà ló ń sọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ká sọ ni pé, "A ó ti orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn." Mo sọ ọ́. Màmá ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Gbogbo wọn ló máa ń gbọ́ ọ sí "bẹ́ẹ̀ ni".

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹwàá

Minnesota. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí.

Gordon, bàbá Anders, ń sin màlúù fún wàrà. Ọwọ́ ẹ̀ le bí pákó. Wọ́n gbé ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ànàmọ́ bò lórí síwájú mi, nínú àwo tí wọ́n fi yan án. Ọmọ náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó so táì. Nítorí èmi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà nítòsí wọn. Wọ́n ti ṣèlérí pé láti ọdún kìíní ni Anders á ti máa gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ èsì kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé. Ó bi mí lójú bàbá ẹ̀: "Kóòṣì, ṣé màá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ yín? Kì í ṣe kí n máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì o."

Mo ní lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló ń gbá.

Kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń gbẹ́ ẹ kó má bàa jẹ́ irọ́. Gordon fọwọ́ gbá tábìlì. "Ṣé o gbọ́ yẹn? Iṣẹ́! Ta ló lè fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rin fún màlúù?" Ojú mi ni Anders ń wò.

Nínú mọ́tò, mo wá ìtìjú nínú ara mi. Mi ò rí i. Ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ ti kú tipiri.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹwàá

Joanne, ìyàwó mi tẹ́lẹ̀, pè. Lẹ́tà mi ṣì ń dé ilé tó ti di tiẹ̀ nìkan. Mo ní màá wá kó wọn. Mi ò lọ.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹwàá

Àwọn ọmọ tá a pè wá wòran dé lánàá. Òjò. Ẹgbẹ́ tá a bá gbá lónìí nà wá bí ẹni ń na aṣọ òfì.

Yàrá kan náà ni mo fi Desmond àti Anders sí, bóyá torí kí n lè fi ojú kan wò wọ́n pọ̀. Wọ́n mọwọ́ ara wọn. Desmond ń kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kí ti òsì tó kúrò nílẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì. "Rọra, Ọ̀jọ̀gbọ́n! Kì í ṣe pé o ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn!" Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń pè é látàná.

Nígbà oúnjẹ àárọ̀, Anders bi mí pé mélòó ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ro máàkì gbogbo ẹgbẹ́ wa pọ̀, tí wọ́n pín in. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ràn nọ́ńbà ni.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kọkànlá

Anders pè. Ó ti sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn pé òun ò wá mọ́. Ó ti fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì. Mo sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kọkànlá

Onípẹ́ńsù ro wọ́n pọ̀. Pẹ̀lú Anders, Desmond ti di "ó ṣeé ṣe". Fèrè ra dónọ́ọ̀tì fún gbogbo ọ́fíìsì, ó gbá mi lẹ́yìn. "Rudy, kò sírú ẹ."

Kò sí. Mo jẹ méjì.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kọkànlá

Desmond ti lọ. Yunifásítì ńlá kan, àwọn tí tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé bọ́ọ̀lù wọn sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo Àbámẹ́ta. Ọmọ náà ń sunkún lórí fóònù, kò lè parí ọ̀rọ̀. Màmá Odile gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ má bínú, Kóòṣì. Èèyàn dáadáa lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ẹ ó ti orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn yìí ní ó ti wọlé."

Mo ní kò burú, màmá. Kò sì burú lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kọkànlá

Ọgbọ̀n ni àyè wa. Àyè Desmond ti ṣófo. Fèrè ti rí àwọn ìbejì kan ní Florida, Rafael àti Nestor Sandoval, wọ́n ń sáré bí ẹtu, máàkì wọn sì dára tó, wọn ò nílò ẹni tó máa gbé wọn sókè. Wọ́n ní àwọn ò ní pínyà: bí kò bá sí àyè méjì, àwọn ń bá ibòmíì lọ.

Fèrè ní, "Àyè Desmond ọ̀kan. Gba ti àga yẹn kún un."

Mo ní ọmọ náà ti kọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílé sílẹ̀ nítorí wa.

"Ṣé a kọ ọ́ síwèé fún un pé ó ti wọlé?"

"Rárá."

"Ó tán. Pè é, kó lè tètè mọ ohun tó máa ṣe. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó o máa ṣe é nìyí, Rudy."

Òótọ́ ni. Mo ti ṣe é fún mẹ́rin kí ó tó kàn án. Bí a kò bá ti orúkọ ọmọ lẹ́yìn, ìwé rẹ̀ á lọ dara pọ̀ mọ́ ti ogójì ẹgbẹ̀rún èèyàn, níbi tí máàkì gbogbo wọn ti pé. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Onípẹ́ńsù.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kọkànlá

Mi ò tíì pe ọmọ náà. Kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré yẹn ni mo pè. Ó ní àwọn ti fún ẹlòmíì. Ó tún ní, "Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, ẹ ò ṣe èèyàn." Ó já fóònù mọ́ mi létí.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kọkànlá

Mo pè é ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti ilé ìwé dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, pé nǹkan yí padà, pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dá mi dúró.

"Ta ló lọ, Kóòṣì? Ṣé Desmond ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń gbọ́ màlúù lẹ́yìn ẹ̀.

Ó ní láti òpin ọ̀sẹ̀ tí òun fi wá yẹn ni òun ti ṣírò ẹ̀. Ó wá àwọn tí máàkì wọn dà bíi tòun lẹ́gbẹ́ wa láti ọdún mẹ́wàá. Ó rí méje. Ìṣẹ́jú tí àwọn méjèèje fi gbá bọ́ọ̀lù lápapọ̀ jẹ́ mọ́kànlá. "Mo mọ̀ pé mi ò ní gbá, Kóòṣì. Mo rò pé ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo mọ̀ ni."

Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi kọ tilé sílẹ̀. Ó ní ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ wa, kò sí irú ẹ̀ níbòmíì, òun sì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ọdún mẹ́rin nítorí ìyẹn. Ó ní gbígbé tí òun ń gbé Desmond sókè, Desmond náà ń gbé òun wọlé ni, kò burú, ó dọ́gba. Ohùn ẹ̀ wá yí padà. "Bàbá mi ni ò mọ̀. Gbogbo ìlú ló ti sọ fún pé bọ́ọ̀lù ni mò ń lọ gbá. Ó ti fi àwọ̀ ẹgbẹ́ yín kun ilẹ̀kùn abà wa. Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Èmi ò lè sọ ọ́."

Kí n tó lanu, fóònù ti wà lọ́wọ́ Gordon. "Kóòṣì wa! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ọjọ́ wo gan-an la máa gbé e wá? Mo ní láti wá ẹni tó máa bá mi fún wàrà lọ́jọ́ yẹn."

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Ó ní kí n dúró kí òun mú ìwé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á padà fún mi kó lè dá a lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ yẹn ni.

Ẹyin lohùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kọkànlá

Fèrè ti fọwọ́ síwèé. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ. Ọgbọ̀n orúkọ, Rafael Sandoval ní ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, Nestor Sandoval nísàlẹ̀ pátápátá.

Mo dúró lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, mo fa igi sórí ìkẹyìn, mo kọ Anders Tollefson sí i. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Bí ọ̀kan bá jáde, èkejì á tẹ̀ lé e. Ẹnì kan láti ọ́fíìsì wa ti lọ jẹun nílé àwọn ìbejì yẹn lánàá. Lẹ́tà á jáde ní ọjọ́ Ajé, yunifásítì kì í sì í gba lẹ́tà padà. Ọjọ́ yẹn náà ni Fèrè á mọ̀, mi ò sì ní níṣẹ́ mọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Onípẹ́ńsù wo igi tí mo fà. Ó wo ojú mi. "Ọ̀gá yín mọ̀ sí i?"

Mo ní ó mọ̀.

"Kí ni ọmọ tẹ́ ẹ yọ yìí ṣe?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò rí i rí, orúkọ ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó fi sórí èyí tó kù.

Mo wá jókòó sínú mọ́tò. Mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan, mo ń wò wọ́n, mò ń retí pé kí wọ́n gbọ̀n. Wọn ò gbọ̀n.