Màmá Magdalene Wúrà Fọlájìmí (1949–2025): Ahunṣọ Tó Já Irọ́ Inú Àwòrán

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 1949 ni a bí Màmá Magdalene Wúrà Fọlájìmí ní Ìjẹ̀bú-Òde, sínú agboolé Ọ̀nàsanyà. Kí wọ́n tó parí ìwé mẹ́fà ni ìyá wọn, Màmá Dorcas, ti fi wọ́n jókòó sídìí òfì. Aṣọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun ni wọ́n ró lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ Bàbá Jonah Fọlájìmí ní 1974.

Ní 1981, tọkọtaya náà dé London. Peckham ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó kó wá sí Thames View ní Barking níbí ní 1998, níbi tí Màmá ti di Ìyá Ìjọ wa.

Ní 2003, Màmá di ẹ̀ṣọ́ nílé àwòrán kan láàrin London. Yàrá tí wọ́n ń ṣọ́ kún fún àwòrán tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ yà nípa ilẹ̀ Lárúbáwá àti Tọ́kì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí Màmá kì í wò kí wọ́n má mi orí: obìnrin Tọ́kì kan, tó wọ ṣẹ́dà, jókòó sídìí òfì, ṣùgbọ́n òwú òfì náà kò so mọ́ ibì kankan. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi pa á mọ́ra, nítorí òfin ni pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ àwòrán.

Lọ́jọ́ kan ní 2014, Dókítà Catherine, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn àwòrán náà, ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí ayàwòrán náà fojú rí ní Tọ́kì ló yà. Ara Màmá kò gbà á mọ́.

“Ẹ má bínú, mà,” ni wọ́n wí, “ẹni tó ya èyí kò rí ahunṣọ rí. Bí obìnrin yìí bá fa òwú yẹn báyìí, gbogbo rẹ̀ ló máa tú.”

Nígbà tí Màmá délé, wọ́n sọ fún Bàbá pé àfàìmọ̀ kí òun má ti da yẹ̀pẹ̀ sí gàrí ara òun. Ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ ni Dókítà Catherine lọ tú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó wá ròyìn fún Màmá pé ayàwòrán náà kò fi London sílẹ̀ rí. Ilé tíátà ló ti yá òfì, ọmọbìnrin apẹja kan ní Barking níbí ló sì jókòó fún un bí ará Tọ́kì. Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Orúkọ Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà dòní, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó já irọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ilé àwòrán náà ní kí Màmá máa wá hun aṣọ nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni Màmá Emine, ahunṣọ láti ilẹ̀ Tọ́kì tó ń gbé ní Chadwell Heath, ti bá wọn. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n Màmá Emine na ọwọ́, ó tún òwú kan ṣe, ẹ̀rín sì pa àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní ọdún 2025, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi Bàbá Jonah sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Èyítáyọ̀, Ṣèyí àti Dárasími, ọmọ-ọmọ méje, àti àrọ́mọdọ́mọ kan, Eden. Aṣọ tí Màmá àti Màmá Emine jọ hun la fi bo pósí wọn lónìí.

Ìyá wa, iṣẹ́ yín dán, ọwọ́ yín mọ́. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára. Ẹ sùn re o.