Kóòtù Ọlábọ̀dé

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Oyèmẹ́kùn,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 1999.

Bísọ́dún, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ ilé-ìwé, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè. Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ, Ọlábọ̀dé, ni mo fi ń kọ̀wé. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn aláròká tó fi ata sí i. Fọkàn balẹ̀, kò ṣàìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ bọ́.

O mọ àṣà àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì omi wa ní Alágbàká. Bí wọ́n bá ti dé láàárọ̀, wọ́n á fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá béèrè wọn, a ó ní, "Wọ́n wà nítòsí, ṣé ẹ ò rí kóòtù wọn ni?" Ẹni tó wà nítòsí yẹn lè ti wà lóko ní Ìgbàrà-Òkè. Ọlábọ̀dé tiẹ̀ lọ̀gá wọn nínú àṣà yìí. Bí o bá bá a wí, á ní kóòtù òun ń ṣiṣẹ́ ju ẹlòmíì lọ.

Nígbà tí Ìyáàfin Ọlọ́runníyì, ọmọ Ọ̀wọ̀, di ọ̀gá wa, a rò pé wọ́n máa pariwo. Wọn ò pariwo. Bí wọ́n bá ń jáde, wọ́n á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sọ fún gbogbo wa pé, "Mo ń lọ tún eyín mi ṣe. Ẹni tó bá wá mi, ẹ má purọ́ fún un." A kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu bí kóòtù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lórí àga, láìsí ẹni tó pàṣẹ. Ti Ọlábọ̀dé nìkan ló kù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó kan wá láti Oda nítorí ẹ̀rọ omi wọn tó bàjẹ́. Ojú bàbá ti di bàìbàì. Wọ́n wọ yàrá Ọlábọ̀dé, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kí kóòtù. Wọ́n rò pé ọ̀gá ń ronú ni. Wọ́n rọra ṣàlàyé gbogbo ìyà omi tó ń jẹ ìlú fún kóòtù, wọ́n sì dúró de èsì títí àárẹ̀ fi mú wọn, wọ́n ṣubú. Màdáàmù, ọ̀gá wa, ló bá wọn nílẹ̀.

Ọmọ bàbá fẹjọ́ wa sùn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà lókè. Ní Mọ́ńdè, wọ́n rán ọkùnrin kan wá. Ó pe gbogbo wa jọ, ó ní ẹni tó bá ni kóòtù yẹn, lọ́jọ́ náà ni yóò fiṣẹ́ sílẹ̀. Màdáàmù bá dìde. Wọ́n ní, "Èmi lẹ fi ṣọ́ ibí yìí. Mo ń rí kóòtù náà lójoojúmọ́, n ò mú un kúrò. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ." Ọkùnrin náà ní ṣé wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Ó ṣí bírò.

Bísọ́dún, ara mi bù máṣọ. Mo ti bá ọ̀gá oríṣiríṣi ṣiṣẹ́, n ò rí irú èyí rí.

Ibẹ̀ ni àga ti dún lẹ́yìn mi. Ọlábọ̀dé ni. Ọlábọ̀dé tiwa yìí, tí kì í jẹ̀bi láyé, tó fọ́ àwo Màmá lójú gbogbo yín tó ní ológbò ni. Ó ní, "Ẹ má kọ orúkọ wọn, sà. Èmi ni mo ni kóòtù." Kò sẹ́ni tó fipá mú un, Màdáàmù ò tiẹ̀ wo apá ibi tó wà. Kò pẹ́, Kọ́láwọlé tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà náà dìde, ó ní òun lòun sọ fún bàbá pé ọ̀gá wà nínú ilé. Ọkùnrin náà ò lè lé ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ náà, ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà padà sókè. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo rí i tí wọ́n ń dù ú rà.

Lánàá, Ọlábọ̀dé tẹ̀ lé Màdáàmù lọ sí Oda, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá. Fúráìdè ni a ó gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá òkè pinnu lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi kí Màmá àti Àdùnní ọmọ rẹ. Bí Ọlábọ̀dé bá sì wálé ní Sátidé tòun ti ẹrù rẹ̀, tó ní iṣẹ́ ti bọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà. Kí gbogbo yín jáde sí i, kí ẹ kí i kú iṣẹ́.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Monílọ́lá.