Àpótí Tí Mo Ní Mo Ti Gbé Lọ

                                        Ṣọ́ọ̀bù Fọ́tò Rẹ,
                                        Òpópónà Àwọn Káfíńtà,
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà.

Bàbá wa, èmi ìyàwó ọmọ yín ni mo di bírò mú, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín ló ń sọ̀rọ̀. Wọn kò kàwé, wọ́n sì ní àwọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, nítorí orí fóònù ni àwọn ti parọ́ fún yín. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti bú mi, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Dúró-Jẹ́ẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ojú ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tú báńdéèjì ti ọ̀tún, àbí ti òsì nìkan ni o ṣì fi ń ríran? Ọmọ rẹ obìnrin tí o wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́, àti ọkọ rẹ̀, àti àwọn ọmọ tí o ní wọn kì í jẹ́ kí o sùn lọ́sàn-án? Gbogbo ẹni tí o ti sọ fún rí pé kó dúró jẹ́ẹ́ níwájú kámẹ́rà ló ń kí ọ. Ní tèmi, orúnkún ń dùn mí bó ṣe máa ń ṣe, àgbàdo sì ti ń yọmọ. Ìyàwó mi kí ọ títí. Ó ní kí n má padà wálé bí n kò bá tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí tán.

Mo ti kí ọ tó. Ẹni tí ìkíni rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó ní ohun tó ń sá fún.

Ọ̀rẹ́ mi, àwọn àwòrán inú kọ̀ǹpútà rẹ ti lọ. Àwọn tó wà nínú àpótí tí o fi sọ́wọ́ mi náà ti lọ. Òjò ló kó ti kọ̀ǹpútà. Ti àpótí, èmi ni mo pa á rẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́.

O rántí ọjọ́ tí o gbé àpótí náà fún mi, dúdú, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. O ní iṣẹ́ ogójì ọdún ló wà nínú rẹ̀. O ní bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, kò ní jó ilé mi lódìkejì odò. O ní ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, kò tíì sí níbì kankan. Kí n máa gbé e wá ní gbogbo Sátidé tó bá parí oṣù, kí a ki wáyà rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, kí ètò tó ń mú wọn dọ́gba wo ohun tó yí padà nínú kọ̀ǹpútà, kó sì yí ti àpótí náà padà. Ìlà aláwọ̀ ewé yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀, àwa méjèèjì yóò sì máa jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ hu ewú.

Lẹ́yìn tí o fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ tí o lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ obìnrin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a ki wáyà bọ àpótí náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyàwó tó ń kọ ìwé yìí ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó kan wáyà." Mo wo ọwọ́ mi. Yẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní, "Yẹ̀pẹ̀ yìí ló bọ́ bàbá mi, òun ló bọ́ èmi. Ìwọ ọmọ àná yìí lo wá mọ̀ pé ó dọ̀tí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Wáyà ni kò mọ bàbá yín." Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpótí mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Nílé, bí bàbá mi àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú irúgbìn ni mo ṣe tọ́jú rẹ̀. Mo fi aṣọ gbígbẹ wé e, mo fi sínú agolo, mo da eérú yí agolo ká, mo gbé e sórí àjà. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí a kò bá tú wò kì í bàjẹ́. Ìbínú ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yẹn, kì í ṣe bàbá mi. Bàbá mi kì í ṣí irúgbìn wò ṣáá, ṣùgbọ́n ọdọọdún ló ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èyí ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé.

Bí oṣù bá parí, o ó pè. "Òkúta, ṣé o ti gbé àpótí lọ?" Èmi á ní, "Mo ti gbé e lọ." Oṣù méje, irọ́ méje. Ìyàwó kò bi mí léèrè, nítorí ojú ń tì í lórí ọ̀rọ̀ yẹ̀pẹ̀. Èmi ni ojú ì bá tì.

Nígbà tó yá o pè, o ní wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú rẹ. O ní bí o bá dé, ohun tí o fẹ́ kọ́kọ́ fi ojú tuntun wò ni àwọn àwòrán ìyá àwọn ọmọ rẹ, olóògbé, láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo gbé agolo sọ̀kalẹ̀. N kò fẹ́ kí ìyàwó rí mi, mo dúró di ọjọ́ tó lọ ra pépà, mo fi kọ́kọ́rọ́ tí o fún mi ṣílẹ̀kùn. Mo fọ ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

N kò mọ̀ pé òjò ọ̀sẹ̀ náà ti gba páànù wọlé sórí kọ̀ǹpútà, pé ibi tí àwòrán ń gbé nínú rẹ̀ ti ṣófo. Ó ṣì ń tàn. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan yọ sójú rẹ̀ ní pupa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń béèrè, ǹ bá jókòó de ìyàwó. Bọ́tìnnì méjì ni mo rí, mo tẹ ti òsì, nítorí òsì ni ìwọ máa ń tẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé sáré, ó kún kí n tó jókòó. Mo ní oṣù méje, ó mà yá o. Inú mi dùn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń súfèé lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì ìyàwó wá bá mi. Ó ní òjò ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́, àmọ́ ká dúpẹ́ pé àpótí wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e fún un bí ẹni tó ń fúnni ní ẹ̀bùn. Nígbà tí atúnkọ̀ǹpútàṣe ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ pupa yẹn ń béèrè pé kọ̀ǹpútà ti ṣófo, ṣé kí òun pa ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún àwòrán rẹ́ nínú àpótí, kí méjèèjì lè dọ́gba? Èmi ni mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì mú wọn dọ́gba lóòótọ́, òfo àti òfo.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkùnrin náà fi wá inú àpótí. Ó rí bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn yọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìdajì. Fìlà wà, orí kò sí. Kò rí ìyá àwọn ọmọ rẹ níbẹ̀.

Ìyàwó ní ká kúkú sọ pé òjò ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, òjò ò lẹ́nu, kò ní já wa nírọ́." Mo ní rárá, òjò ti ṣe tirẹ̀, kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ó ní, "Orí yín le." Mo ní, "Kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Láti ìgbà náà, ojúlé dé ojúlé ni mo ń lọ. Mo ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yá mi àwòrán tí o yà fún wọn. Aránṣọ tó wà lẹ́yìn ọgbà ní, "Òkúta, ìwọ tí o kọ̀ tí o kò wá síbi ìgbéyàwó mi, fọ́tò rẹ̀ lo wá ń wá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ti ìgbà náà. Ó kó mẹ́fà fún mi. Ìyàwó ń fi ẹ̀rọ gbà wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti di irínwó ó lé mẹ́tàlá lónìí. Ti ìyá àwọn ọmọ rẹ, mẹ́rin ni mo rí. Ìkarùn-ún wà lára ògiri ilé mi, èyí tó ti dé fìlà mi lóko, tó gbé ọkọ́ mi lé èjìká, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó bí mi nínú lọ́jọ́ tí o fún mi, abẹ́ ibùsùn ni mo tì í sí fún ọdún méjì. Mo ti gbé e wá.

Àpótí tuntun wà lórí tábìlì níwájú mi bí a ti ń kọ ìwé yìí. Ìyàwó kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "pa á rẹ́" sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ṣoṣo ni mo lè kà.

N kò tíì gbé àpótí náà kúrò níbí. Òun àti kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ páànù kan náà, mo sì mọ̀ pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ irúgbìn nù kọ́ ni yóò yan àjà tí wọn yóò gbé òmíràn sí. Bí o bá ní kí n gbé e lọ sílé mi, lọ́jọ́ náà ni màá gbé e. Bí o bá ní kí á fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, èmi náà ni màá gbé e dé ilé onítọ̀hún. Bá mi kí ọmọ rẹ àti àwọn ará ilé rẹ̀. Tètè fèsì, òjò ṣì ń rọ̀.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi,

Òkúta.
(Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ nìyí.)

Ó ṣojú wa:
Atúnkọ̀ǹpútàṣe tó ṣí àpótí náà.
Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tó tún páànù kàn.